Ẹ̀wọ̀n Kì Í Wo Àárẹ̀ Ọpọlọ

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ jẹ́ ká yé de alárùn ọpọlọ mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi ọ̀nà tó dára hàn wá ní Aró. Ó ní kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí mọ̀lẹ́bí kan wà pẹ̀lú rẹ̀, kó sì máa gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ó di Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì tún ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Èmi apoògùn gbà pé oògùn nìkan kò tó, ìfẹ́ ẹbí nìkan kò sì tó. Bí ara aláìsàn bá ti balẹ̀, ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró láìgba àṣẹ dókítà.