Tí Wọ́n Bá Fẹ́ Kọ́ Ọmọ Wa Ní Kọ̀ǹpútà, Kí Wọ́n Wá sí Bẹẹrẹ

 

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ìpàdé tàbí ti ilẹ̀ gbígbá. Ti kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá, ó kàn wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní 3MTT, lábẹ́ Mínísítà Bosun Tijani. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ èèyàn mílíọ̀nù mẹ́ta ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí àwọn ọmọ wa lè máa jókòó síbí kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún òyìnbó, kí owó máa wọlé. Àwọn 30,000 ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ó dáa, n ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ Bẹyẹrúnká mélòó ló máa wà nínú mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn?

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí kò rówó ra dátà, ọ̀fẹ́ wo ló jẹ? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tún fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì lé owó wọn. Ìjọba kan náà ló ní ká wọlé, òun náà ló fowó kún owó ẹnu ọ̀nà!

Ẹ jẹ́ ká rántí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọdún 1959 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí. Gbogbo èèyàn ló ń fi ìyẹn yangàn títí dòní. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló ṣáájú ẹ̀rọ. Ẹ̀kọ́ yẹn ló jẹ́ kí irú èmi yìí lè mú bírò kọ ìwé sí yín.

Fóònù náà ńkọ́? Kí GSM tó dé ní 2001, líìnì NITEL ní gbogbo Nàìjíríà kò ju bí 400,000 lọ. Nígbà tó dé, ọlọ́lá ló ń lò ó. Àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan. Bí o bá sọ "ẹ n lẹ́ o" lásán, wọ́n á gé e pé. (Àbí ẹ ti gbàgbé ìgbà tí gbogbo wa ń fíláàṣì?) Ìgbà tí Glo dé ní 2003, tó ń ka owó ní sẹ́kọ́ńdù kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e, ni aláta Ọjà'ba tó lè pe oníbàárà rẹ̀. Owó tó wálẹ̀ ló sọ ọ́ di tiwa.

Ta ló wá ń tún fóònù wọ̀nyẹn ṣe? Àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni, ní Queen Cinema àti ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì n'Íkẹjà. Wọn ò gba fọ́ọ̀mù ìjọba kankan. Bẹ́ẹ̀, nínú iṣẹ́ méjìlá tí 3MTT kọ́kọ́ kéde, títún fóònù ṣe kò sí níbẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Iṣẹ́ tó wà lójú pópó, tó ń bọ́ èèyàn, wọn ò kà á sí iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ohun tí mo rò ni pé kí ìjọba sanwó fún àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, kí wọ́n gba ọmọ iṣẹ́ sí i. Kí wọ́n wá yàrá kan ní Bẹẹrẹ tàbí Mápó, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà àti iná oòrùn síbẹ̀, kí olùkọ́ máa fi Yorùbá ṣàlàyé. Ọmọ tó bá já fáfá á kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bó bá yá.

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-oòrùn Ìbàdàn kò jìnnà sí wa, Mápó níbẹ̀ ni. Mo fẹ́ ká kọ lẹ́tà lọ bá alága. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọmọọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó mú orúkọ rẹ̀ wá fún mi kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí n lè so ó mọ́ lẹ́tà náà.

Akọ̀wé yín