Bí Omi Bá Fà Tán, Iṣẹ́ Ìjọ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Ni

Àwọn baba wa a máa wí pé bí omi bá dànù, bí agbè kò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Òwe náà ń tu ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí omi rẹ̀ dànù tí agbè rẹ̀ sì fọ́ yóò ṣe? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní Accra, olú-ìlú Gánà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2015.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, òjò ńlá rọ̀, omi sì gba gbogbo àyíká Kwame Nkrumah Circle. Àwọn tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà sá sí ilé epo kan. Níbẹ̀ gan-an ni iná ti sọ. Ènìyàn tí ó ju 150 lọ ni omi àti iná gbà lọ. Ìjọba kéde ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀fọ̀, ó sì parí.

Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn ìjọ kì í káwọ́ gbera. Wọn a dá owó, wọn a sì kó ìrẹsì àti aṣọ jọ. Nígbà tí omi tí a tú sílẹ̀ láti ìdídò Akosombo lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé ní ọdún 2023, ilé-ẹ̀kọ́ gíga St. Kizito ní Mepe di ibi ìsádi. A kò gbọdọ̀ fojú kéré irú oore bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, àpò ìrẹsì kì í pẹ́ tán. Owó ilé opó kò ní yé pé, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ìjọba kọ́ ilé tuntun sí Kaneshie, Osu àti Korle Gonno. Iṣẹ́ ìjọba ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ ní ohun kan tí ìjọba kò ní: ìwé orúkọ. Àlùfáà mọ ilé tí baba kò ti padà wálé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá mọ aránṣọ tí omi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ìdílé díẹ̀, kí ó sì gbé wọn dìde fún odidi ọdún kan, kí ó máa ka ìṣirò owó náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Kí ìwé orúkọ náà má sì ṣe di ìlẹ̀kùn tí a tì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ọ̀pọ̀ ìlú Gold Coast láti ọdún 1918. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa fi ilé àdúrà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ sílẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rántí èyí kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹni tí omi lé jáde bóyá Mùsùlùmí ni, tàbí ìlú wo ni ó ti wá.

Ẹ̀yin olùkọ́, tiyín ń bẹ níbẹ̀. Kí òjò tó dé ni a ń kó ìdọ̀tí àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà, ọmọ tí ó bá kọ́ èyí lọ́dọ̀ yín yóò kọ́ ilé baba rẹ̀. Kí a gbàdúrà, kí a sì mú ṣọ́bìrì dání.

Òjò yóò tún rọ̀ ní Accra, yóò rọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. A kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí agbè rẹ̀ fọ́ kò gbọdọ̀ kú sí ojú ọ̀nà odò nígbà tí agbè wà nílé aládùúgbò rẹ̀.