Ọmọ Ìbàdàn Tó Ṣeré Rọ́gíbì Dé England: Ìyá Eléèlùbọ́, Ẹ Má Tíì Kó Owó Àjọ Sílẹ̀

Lẹ́tà tí mo fẹ́ fèsì sí lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Adigbẹ, l'Abẹ́òkúta, ló ti wá. N ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí àwọn tí àwọn jọ ń dá àjọ gbọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ó ku ọdún kan péré kó ṣe fíríìdọ̀mù. Ọmọ náà ga, ó sígbọnlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì tún yá bíi ti ẹtu. Ọkùnrin kan rí i níbi tó ti ń ṣeré lórí pápá, ló bá tẹ̀ lé e wálé. Ó ní òun á mú un lọ sí England lọ máa ṣeré rọ́gíbì, wọ́n á sì máa sanwó gidi fún un. Owó tí ọkùnrin yìí bèèrè, gbogbo àjọ tí ìyá yìí ti ń dá láti ọdún méjì ló máa gbé e lọ ráúráú. Ni wọ́n bá ní kí n gba àwọn nímọ̀ràn: kí ló ń jẹ́ rọ́gíbì gan-an? Ṣé ọmọ Yorùbá kankan ti ibẹ̀ rí jẹ? Ṣé kí àwọn sanwó?

Ìyá mi, ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Rọ́gíbì kì í ṣe irú bọ́ọ̀lù tí Rashidi Yekini gbá. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn ní ìhà méjèèjì bí ẹyin adìẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Wọ́n lè fẹsẹ̀ gbá a síwájú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ jù ú sí ẹnìkejì wọn, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jù ú sí. Èèyàn 15 ló wà nínú tíìmù kan, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n sì fi ń ta kàn-ǹ-gbọ̀n. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn alátakò, tó sì fi kan ilẹ̀, máàkì 5 ló gbà. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á rọ̀ mọ́ ọn níbàdí, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀ gbìì! Ká sọ pé ìjàkadì pọ̀ mọ́ eré sísá ni, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ìkejì: ṣé ọmọ Yorùbá ti débẹ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti débẹ̀ dáadáa. Adedayo Adebayo lorúkọ ẹ̀. Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 30, oṣù November, ọdún 1970. Òkè òkun ló ti lọ iléèwé, ní Kelly College, nílùú Tavistock, ní ìhà Devon ní England. Irú àwọn iléèwé bẹ́ẹ̀ ni rọ́gíbì ti ń ta gbòǹgbò, nítorí pé wọn kì í fi eré náà ṣeré rárá. Ìgbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́ ìlú Bath, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé òun ló ń na gbogbo ẹgbẹ́ England yòókù nígbà náà. Wíìngì ni ipò tiẹ̀. Ẹni tó bá wà ní wíìngì, etí pápá ló ń dúró sí. Bí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́, kò ní iṣẹ́ méjì mọ́ ju kó ṣáà fẹ́ ẹ bí atẹ́gùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé o. Nígbà tí Adedayo bẹ̀rẹ̀, òfin eré náà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ torí pé ó ṣeré. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni!

Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láyé àtijọ́, ní àríwá England, àwọn tó ń wa èédú àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe rọ́gíbì. Bí wọ́n bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣeré, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti wọgbó. Wọ́n wá ní kí ẹgbẹ́ máa fún àwọn ní owó ọjọ́ tó bá ṣòfò. Àwọn olówó tó ń darí eré ní rárá o, ẹni tó bá lówó ìjẹun nìkan ni kó máa ṣe é. Ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù rí fún ọjọ́ kan ṣoṣo torí ìnáwó ọ̀rẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ní August 1895, nílùú Huddersfield, àwọn ẹgbẹ́ kan bínú ya kúrò, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n wá ń pè ní rugby league. Àwọn tó kù, tí wọ́n ń pè ní rugby union, takú sórí ọ̀fẹ́ fún odidi 100 ọdún. August 1995 ni wọ́n tó ṣèpàdé nílùú Paris, tí wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ẹni tó bá ń ṣe é máa gbowó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèpàdé yẹn, Adedayo ti di ọmọ ọdún 24. Gbogbo òógùn tó ti là ṣáájú, ọ̀fẹ́ ló là á. Ní April 1993, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé ti ẹlẹ́ni 7 ní Edinburgh, ó wà lára àwọn tí England kó lọ. Andrew Harriman, tí wọ́n bí sí Èkó, ni káfútẹ́ẹ̀nì wọn. Wọ́n na Australia 21 sí 17 ní àṣekágbá, wọ́n gbé ife wálé. Ife lẹ ó rí o, ẹ ò ní í rí owó oṣù. Kí ni wọ́n wá ń jẹ? Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni! Ọ̀kan nínú àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ẹgbẹ́ Bath àti England títí di 1993, Jonathan Webb, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Ó ń la aláìsàn, ó ń ran án, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ sórí pápá.

Lẹ́yìn tí owó dé ńkọ́? Kò tíì sí ìkánjú níbẹ̀ náà. Ọjọ́ 23, oṣù November, ọdún 1996 ni Adedayo tó kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù England nínú eré ẹlẹ́ni 15, nígbà tí wọ́n kojú Italy. Ó ku ọjọ́ méje géérégé kó pé ọmọ ọdún 26. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ló wọ ẹ̀wù náà títí di 1998. Ní January ọdún 1998 yẹn kan náà, ó wà lórí pápá ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí Bath na Brive 19 sí 18, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ England àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Europe.

Ẹ̀yin aláàdìrẹ Ìtòkú, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ti aṣọ bọ aró tó fi ń dúdú? Ẹ ó rì í, ẹ ó yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ ó tún un rì. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dúdú nínú iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn, owó ti dé báyìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ti òde òní. Maro Itoje kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá ẹ̀. London ni wọ́n bí i sí ní October 1994. Iléèwé ló ti bẹ̀rẹ̀ rọ́gíbì, kó tó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Harrow, iléèwé ńlá. Ní June 2014, òun ni káfútẹ́ẹ̀nì àwọn ọmọ England tí kò tíì ju ọdún 20 lọ, tí wọ́n na South Africa 21 sí 20 gba ife àgbáyé. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ Saracens ti ń sanwó fún un. Ṣé ó wá sọ ìwé nù? Rárá o! Ó lọ yunifásítì ní London, SOAS, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣèlú, ó sì gboyè jáde. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìwé làwọn òbí òun fi ṣáájú eré. Kó tó di ọmọ ọdún 22, wọ́n ti fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì tó dára jù nílẹ̀ Europe. Ní 2025, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe káfútẹ́ẹ̀nì British and Irish Lions nígbà tí wọ́n lọ sí Australia, wọ́n sì borí.

Kí nìdí tí àwọn òbí bẹ́ẹ̀ fi ń rọ̀ mọ́ ìwé? Wọ́n mọ̀ pé egungun lè kán, ẹgbẹ́ sì lè kú. Ní 2022, gbèsè pa Worcester àti Wasps, ẹgbẹ́ ńlá méjì. Ní 2023, ó kan London Irish. Àwọn tó ń gbowó oṣù níbẹ̀ déédé rí i pé iṣẹ́ ti bọ́. Steve Thompson, tó bá England gba ife àgbáyé ní 2003, sọ ní 2020 pé òun ò rántí pé òun gba ife náà mọ́. Àwọn dókítà ti sọ fún un pé àrùn ìgbàgbé ọpọlọ ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 45. Ó gbà pé orí tí òun ti fi gbá tibí gbá tọ̀hún lórí pápá ló fà á.

Ó wá ku ìbéèrè kẹta, ìyá mi. Ṣé kẹ́ ẹ sanwó? Ẹ má san án o!

Ẹ gbọ́ ìdí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọmọ yín, òun ló máa sanwó, kì í ṣe ìyá ọmọ. Ṣé ọ̀gá tó fẹ́ gba ọmọ síṣẹ́ á tún ní kí ọmọ wá fún òun lówó oṣù? Èkejì, Adedayo àti Maro, England ni wọ́n ti dàgbà, iléèwé ló sọ wọ́n di olókìkí. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìta wọ ìlú yẹn lọ ṣeré fún owó, àjọ tó ń darí rọ́gíbì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé kó tó rí físà gbà, kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé ọ̀jáfáfá tó ti lórúkọ ni. Ọmọ yín kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rọ́gíbì rí. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ sínú ìwé ẹ̀?

Bí ọkùnrin yẹn bá padà wá, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Orúkọ ẹgbẹ́ wo? Níbo ni ìwé tí ẹgbẹ́ náà kọ wà? Ta ló mọ̀ ọ́n ní Nigeria Rugby Football Federation, àjọ tó ń darí eré náà nílẹ̀ wa? Kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀wé, kó kàn sí ẹgbẹ́ àti àjọ náà fúnra ẹ̀, kó má ṣe lo nọ́ńbà tí ọkùnrin náà bá fún yín. Bó bá ń kán yín lójú, tó ní ọ̀la ni ọjọ́ pé, ẹ mọ̀ pé jìbìtì ni. Bó bá sì fẹ́ gbé ọmọ gba ẹ̀yìn yín jáde, ẹ sáré sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sì fi tó NAPTIP létí, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń fọmọ èèyàn ṣòwò.

Ṣùgbọ́n ẹ má lu ọmọ, ẹ má sì sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹsẹ̀ tó yá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ẹ bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó máa fún un láyè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì, kó lọ ṣeré. Kó parí iṣẹ́ wẹ́dà, kó ṣe fíríìdọ̀mù. Ọjọ́ tí rọ́gíbì bá gbà á, ó dáa. Ọjọ́ tí kò bá gbà á, irin á máa jó, owó á máa wọlé. Owó àjọ yẹn, ẹ fi ra ẹ̀rọ wẹ́dà sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó kọ̀wé sí wa, káwọn ìyá yòókù lè kọ́gbọ́n. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.