Ọwọ́ tí ń lu ìlù, ọwọ́ kan náà tí ń kun àwòrán

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Bí ó bá rí èédú, a fi ya ògiri; bí ó bá gbọ́ ìlù, a jó, a sì máa sín àgbà jẹ. Púpọ̀ nínú wa a máa sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní wúlò fún ara rẹ̀. Kí a tó gba èédú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ nípa Muraina Oyèlámì.

Ọdún 1940 ni a bí i ní Ìràgbìjí, nítòsí Òṣogbo ní Nàìjíríà. Ó wọ ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo, àwọn tí wọ́n gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, tí wọ́n sì gbé e dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 1964. Muraina ń ṣe eré, ó sì ń lu ìlù. Ní 1964 kan náà ni Georgina Beier, ayàwòrán kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí Mbari Mbayo, ó sì fi ọ̀dà lé wọn lọ́wọ́. Muraina wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kun àwòrán ilé àti ojú ènìyàn.

Kò torí àwòrán fi ìlù sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀, ìlú rẹ̀ sì fi í joyè.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Rufus Ògúndélé wà nínú ẹgbẹ́ eré kan náà, òun náà sì di ayàwòrán. Jimoh Buraimoh, tí ó ń tọ́jú iná ìtàgé fún wọn, di ẹni tí a mọ̀ fún àwòrán tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti Kétu títí dé ọ̀dọ̀ wa: a gbẹ́ ẹ, a kùn ún, a gbé e sórí, a sì fi jó. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ pé ó jẹ́ ogún gbogbo ènìyàn.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó ń ya ògiri ni yóò di olókìkí. Kí ó parí ilé-ìwé rẹ̀, kí ó sì mọ oko. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Muraina rí ẹgbẹ́ tí ó gbà á, ó rí ẹni tí ó fi ọ̀dà lé e lọ́wọ́, òun náà kò sì jáwọ́. Ìforítì jẹ́ ti ọmọ. Àwa òbí ni kí a wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ẹ bi ara yín nínú ilé lálẹ́ yìí: ta ni ó mọ iṣẹ́ yìí nítòsí wa, tí a lè mú ọmọ náà lọ bá?