Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣẹ̀dá Ìró?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; iṣẹ́ ni ó yẹ kí a wò kí a tó sọ ẹ̀rọ lórúkọ. Ní Tanke, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ń gbé, olórin kan ṣoṣo lè jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó múra àwo orin tuntun sílẹ̀ láìpe onílù. Àṣà náà ti pẹ́: láàárín 1977 sí 1985, William Onyeabor ti Enugu gbé àwo orin mẹ́jọ jáde, synthesizer sì gbilẹ̀ nínú wọn.

Àwọn kan ń pe ẹ̀rọ yìí ní dùùrù, àwọn mìíràn ní kíbọ́ọ̀dù. Lójú tèmi, ibi tí ìka ń tẹ̀ nìkan ni wọ́n wò. Òmíràn kò tilẹ̀ ní irú ibẹ̀. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ náà ń mú gbọ̀n. Bí ó bá gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà yóò sọ ọ́ di ìró kan pàtó. Agbohùnsílẹ̀ ń gba ohùn tí ó ti wà; èyí ń dá ìró tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo dábàá 'aṣẹ̀dá-ìró'. N kò lo 'ohùn', nítorí pé ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú gírámà wa. Kí olórin máa pe kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ físíìsì tí ó bá pè é ní dùùrù ń kọ́ ọmọ pé okùn tàbí afẹ́fẹ́ ni ó ń dún.