Jíjìn Ọ̀nà Yàtọ̀ sí Pípẹ́ Ìrìn-àjò

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń dáhùn láìronú: "Báwo ni Abùjá ti jìnnà sí Èkó tó?" Kíá ni ẹnìkan yóò ní, "Wákàtí kan péré ni nínú ọkọ̀ òfurufú." Jíjìn ni a bèèrè, àkókò ni a fi dáhùn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sì yẹ kí ẹni tí yóò di olùkọ́ dà wọ́n pọ̀.

Jíjìn kì í yí padà. Láti pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé ti Nnamdi Azikiwe ní Abùjá, bí a bá fa ìlà tààrà, ó tó nǹkan bí kìlómítà 510. Ẹni tí ó bá gba orí ilẹ̀ yóò rìn ju 700 lọ, nítorí ọ̀nà ilẹ̀ a máa yà bá ìlú, a sì máa wá ibi tí afárá wà lórí odò Ọya.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 38 ni yóò fi rin 510. Ìṣirò náà gún, síbẹ̀ ọkọ̀ náà a máa lò ju wákàtí kan lọ. Ìdí ni pé kì í fi eré yẹn bẹ̀rẹ̀, kì í sì í fi í parí. Yóò rọra rìn nílẹ̀, yóò dúró de àṣẹ, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó dé, yóò dẹ eré kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

A kò tí ì ka ti orí ilẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó yóò bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ jà kí ó tó dé Ìkẹjà. Yóò tètè dé fún àyẹ̀wò ìwé àti ẹrù. Bí ó bá sì sọ̀ ní Abùjá, nǹkan bí kìlómítà 40 ṣì kù kí ó tó wọ àárín ìlú. Wákàtí kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di márùn-ún. Nígbà ọyẹ́, ìkùukùu eruku lè dá ọkọ̀ dúró. Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin 2017, nígbà tí a ti pápá Abùjá fún àtúnṣe, Kàdúná ni ọkọ̀ ń bà sí, àwọn èrò a sì gba orí ilẹ̀ padà wá. Abùjá kò sún kúrò níbi tí ó wà, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò gùn sí i.

Ẹnìkan lè wí pé ìṣirò ìwé ni kí ọmọdé kọ́kọ́ mọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a má fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí a pè fún ìwádìí iṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá, tí ó wọ ọkọ̀ agogo méje nítorí "wákàtí kan péré," lè bá ilẹ̀kùn ní títì, kí iṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí a bá dé iwájú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ láti pín, kí a sì kọ́ wọn láti ṣe àròpọ̀: láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń lọ.