Ẹ Sọ Ìwúlò Igún fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà, àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Bí ọmọ ilé-ìwé bá bi yín léèrè ìdí rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ Íńdíà ṣe àlàyé fún un.

Lẹ́yìn ọdún 1990, nínú igún 100 níbẹ̀, ó ju 90 lọ tó ṣègbé. Diclofenac, oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń pa igún tó bá jẹ òkú màlúù náà. Òkú ẹran wá di oúnjẹ ajá ìgboro. Ajá pọ̀ sí i, ewu dìgbòlugi sì pọ̀ sí i. Ní 2006 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń ta orí igún lọ́jà. Bí igún bá tán, ta ni yóò bá wa palẹ̀ òkú ẹran mọ́?

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Èèwọ̀ nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìdí rẹ̀.